Ẹnu Tó Ń Talẹ̀, Ẹnu Tó Ń Kọ́lé: Àgbéyẹ̀wò Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìṣàkóso Nínú Òwò Ilé àti Ilẹ̀

Òwò tí a ń fi ẹnu ṣe nílẹ̀ Yorùbá lónìí tó òwò ilé àti ilẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń ta iṣu yóò gbé iṣu kalẹ̀, ẹni tó ń ta aṣọ yóò tẹ́ aṣọ fún wa wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Ìbejú-Lẹ́kkí tàbí ní Mówè, igbó ni yóò fi hàn wá, yóò sì ní ẹsíteètì ni. Ẹni tó ń ta ilé tí kò tíì kọ́, ihò ìpìlẹ̀ ni yóò mú wa dé, yóò sì máa ka iye yàrá tí yóò wà ní àjà kẹta fún wa. Láàárín ọjọ́ tí a sanwó àti ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́, ọdún méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà àti bébà tó buwọ́ lù ni gbogbo ohun tí oníbàárà ní lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Nítorí bẹ́ẹ̀, bí a bá ń béèrè irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ, àti irú aṣáájú tó yẹ kó jẹ́, ìdí òwò náà gan-an la ń wá. Ẹ̀kọ́ tó wọ́pọ̀ jù lórí rẹ̀ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni ẹ̀kọ́ títà: bí a ṣe ń pe oníbàárà, ohun tí a ń wí nígbà tó bá ní owó òun kò tó, bí a ṣe ń kó àwọn ejẹ́ǹtì jọ kí wọ́n bá wa tà. Ẹ̀kọ́ náà wúlò, nítorí ẹni tí kò lè tà kò lówò. Ṣùgbọ́n tí mo bá wo ibi tí òwò yìí ti ń bàjẹ́, ní kóòtù, ní àgọ́ ọlọ́pàá, nínú ẹbí tó túká nítorí pílọ́ọ̀tì kan, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí i pé àìmọ̀ọ́tà ló fà á. Ohun tí mo ń rí ni ẹni tí kò gbọ́ tẹnu gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn kó tó rà, àti ẹni tí kò lè sọ ìròyìn búburú lásìkò. Ìmọ̀ méjèèjì yìí ló ṣọ̀wọ́n jù, àwọn náà ni wọn kì í sáábà kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ ilẹ̀ tó lókìkí jù nínú ìtàn Èkó kọ́ wa ní ohun tí ẹnu tó mọ̀rọ̀ ọ́n sọ lè ṣe. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ ẹbí Olúwa, ọ̀kan lára àwọn ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè fìlà funfun tó ni ilẹ̀. Ìjọba ní ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló tọ́ sí olóyè náà, pé owó díẹ̀ tó bá ìṣákọ́lẹ̀ mu làwọn yóò san. Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Macaulay ti kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Plymouth, ó ti ṣe sọ́féyọ̀ fún ìjọba Èkó kó tó dá dúró. Ó gbọ́ èdè àwọn àgbà Èkó, ó sì gbọ́ èdè àwọn adájọ́. Ní 1921, ilé ẹjọ́ náà dá Olúwa láre: àwùjọ ló ni ilẹ̀ náà lódindi, olóyè ń bójú tó o fún wọn ni, owó tó tọ́ sí ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an sì ni ìjọba gbọ́dọ̀ san. Àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí dòní.

Apá kejì ìtàn yẹn ni àwọn oníṣòwò kì í gbọ́. Macaulay mú ọ̀pá Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó, lọ́wọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ sì jáde níbẹ̀ pé Elékòó ni olórí àwọn ọmọ Nàìjíríà mílíọ̀nù 17. Inú bí ìjọba Èkó. Wọ́n ní kí ọba jáde ta ko ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ọba kò ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró, wọ́n ní àwọn kò kà á sí ọba mọ́. Ní 1925 wọ́n lé e kúrò nílùú lọ sí Ọ̀yọ́. Ó di 1931 kó tó padà wálé. Ìjà ọba àti ìjọba ní orísun mìíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí aṣojú sọ kọjá ibi tí a rán an dé wà lára ohun tó dá iná náà. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún ejẹ́ǹtì lónìí ti fi ọ̀pá rẹ̀ lé ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣèlérí lórí WhatsApp lóru, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ gbígbọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù jù. Ilẹ̀ tó pọ̀ jù tí dẹfẹ́lọ́pà ń rà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ ẹbí ni. Òfin lórí rẹ̀ ti hàn kedere láti 1959, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí tó ṣe pàtàkì, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n dojú títà náà dé; bí ọmọ ẹbí kan bá sì tà á láìsí olórí ẹbí nínú rẹ̀, ọjà náà kò wáyé rárá. Èyí ni pé òwò náà lè ti kú láti ìjókòó àkọ́kọ́, kí sọ́féyọ̀ tó dé, kí lọ́yà tó kọ ohunkóhun, nítorí ẹni tí a kò pè.

Ta wá ni a gbọ́dọ̀ pè? Ẹbí Yorùbá kì í ṣe òkìtì orí ènìyàn lásán. Nígbà tí Súbérù Dáwódù kú ní Èkó ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìjà wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1958, ó sì dé Privy Council ní 1962: ṣé ọ̀nà mẹ́sàn-án ni kí wọ́n pín ogún sí ni, àbí mẹ́rin? Ìdáhùn kóòtù ni pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín tirẹ̀. Orí-ò-jorí, ìyẹn pínpín rẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè fi parí ìjà. Oníṣòwò tó mọ èyí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹbí pé “Ta ni ọ̀gá yín?” kó sì jókòó ti ẹni tó bá nawọ́. Yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, yóò ní: “Bàbá, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Ìdí igi mélòó ló wà nínú ẹbí yìí? Ta ló ń ṣojú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Àwọn màmá ńkọ́, àwọn ọmọ obìnrin tó wà nílé ọkọ ńkọ́, ta ló wà lókè òkun?” Ìbéèrè wọ̀nyí lè gba ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá ń kánjú yóò rí wọn bí ìdádúró. Mo ti rí i pé àwọn tó pẹ́ nídìí òwò yìí láìlẹ́jọ́ lọ́rùn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń lo sùúrù wọn.

Ìgbọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó kan bébà pẹ̀lú. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé sọ pé bí ẹnìkan bá kọ ìwé fún ẹni tí kò lè kà á, kí akọ̀wé fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì ka ìwé náà sókè, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Gbólóhùn yẹn máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà náà kì í sábà wáyé. Akọ̀wé lọ́yà á ní, “Màmá, ẹ tẹ̀ka síbí,” ó parí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni màmá yóò sọ fún adájọ́ pé àyálò ni wọ́n pè é fún òun. Dẹfẹ́lọ́pà tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun dúró, kó ka ìwé náà fún wọn ní èdè wọn: Ẹ̀gbá fún Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú fún Ìjẹ̀bú, Ègùn fún ará Badagry. Kó dúró ní gbogbo ìpínrọ̀ béèrè ohun tó ṣókùnkùn. Kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni ìpàdé tó ṣe pàtàkì jù nínú òwò náà, ó sì tọ́ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti ajagungbalẹ̀ kò ní gbà wá lákòókò. Owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé: gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ti ṣòfin ní 2016 láti fi ìyà jẹ àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí aṣáájú fi kún òfin ni pé kó má fi owó bo ẹnu àwọn ọ̀dọ́ ìlú lẹ́yìn àwọn àgbà wọn. Ẹni tó bá ń sanwó fún wọn ní kọ̀rọ̀ ń kọ́ wọn pé kọ̀rọ̀ ni owó wà. Ìpàdé ìta gbangba pẹ̀lú baálẹ̀, iṣẹ́ fún ọmọ ìlú lórí sáìtì pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ tó ṣeé kà, àti ríṣíìtì fún gbogbo ohun tó bá jáde ń dín wàhálà kù ju ọlọ́pàá lọ.

Kí a bọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà. Èdè tí a fi ń polówó ilẹ̀ ní Èkó kún fún ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń gbọ́ láìmọ ìwúwo wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó jáde ní 29 Oṣù Kẹta 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. C of O ni ìwé tí gómìnà fi ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ọdún 99 ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O, ìfọwọ́sí gómìnà ni yóò gbà lórí ìrà tirẹ̀. Excision ni ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀, tó wá yọ apá kan rẹ̀ padà fún ará abúlé, tó sì tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí pátákó bá kọ ọ́ pé excision ń lọ lọ́wọ́, ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba lè yọ ọ́, ó sì lè má yọ ọ́. Àwòrán sọ́fè pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ dá. Àfi kí a mú nọ́ńbà orí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Àgbà ní Aláùsá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn.

Gbogbo èyí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ṣàlàyé. Mo gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ìdánwò tó pé jù fún oníṣòwò ilẹ̀. Ṣé ó lè jókòó ti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó mú owó gírátúítì wá, kó sọ fún un pé: “Màmá, ilẹ̀ yìí rọ̀ lówó nítorí pé ìwé rẹ̀ kò tíì pé. Bí ẹ bá ní sùúrù, ó lè dára. Bí owó yìí bá jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ní, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi ra èyí”? Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti 2018 ti ka àpèjúwe ẹ̀tàn léèwọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti dá LASRERA sílẹ̀ láti forúkọ àwọn oníṣòwò ilé sílẹ̀ àti láti gbọ́ ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n òfin kì í wà nínú yàrá tí màmá àti ejẹ́ǹtì ti ń sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ta nípasẹ̀ àwọn ejẹ́ǹtì tí kò gba owó oṣù, kọ̀míṣọ̀n ni wọ́n ń jẹ, ẹni tó mú wọn wọlé sì ń jẹ díẹ̀ lórí tiwọn. Ètò yìí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rí oúnjẹ òòjọ́, n kò ní bú u. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sí níbi tí ìdáhùn yóò ti wáyé. Aṣáájú tó mọṣẹ́ yóò kọ ojú ìwé kan lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: irú ìwé tó ní, ohun tó kù, ọ̀nà tó dé ibẹ̀ àti bó ṣe rí ní ìgbà òjò, owó mìíràn tí oníbàárà yóò san lẹ́yìn owó ilẹ̀. Yóò pàṣẹ pé ejẹ́ǹtì tó bá ta ilẹ̀ láìfún oníbàárà ní ojú ìwé yẹn kò ní gba kọ̀míṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìwúrí àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kò lè ṣe ohun tí òfin kékeré yìí yóò ṣe.

Mo wá dé ibi tó le jù, ìròyìn búburú. Ní Oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦470 kọjá ₦750 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tó sì di Oṣù Kejì 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ní oṣù yẹn kan náà, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, nígbà tó jẹ́ bí ìdajì iye yẹn ló wà ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Irin, wáyà, táìsì, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Àwọn dẹfẹ́lọ́pà tó ti gba owó ilé lọ́wọ́ ènìyàn ní 2022 rí i pé owó náà kò lè kọ́ ilé parí mọ́. Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi fún náírà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ síra wọn ni ohun tí wọ́n sọ, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn kan pa fóònù. Àwọn kan ń fi fídíò àtijọ́ ránṣẹ́, kí oníbàárà rò pé iṣẹ́ ń lọ. Àwọn kan kọ lẹ́tà kíákíá, irú lẹ́tà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọ òwò yìí mọ̀ ọ́n kọ. Kò ní ọ̀rọ̀ ńlá nínú. “Ẹ̀yin oníbàárà wa, iye tí a fi ṣírò ilé yín lọ́dún tó kọjá kò lè kọ́ ọ parí mọ́. Ibi tí iṣẹ́ dé nìyí, àwòrán tòní sì nìyí. Iye tí ẹ san àti bí a ṣe ná an nìyí. Ohun tó kù nìyí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ẹ fi owó kún un, kí a gbé yín sí ilé tó kéré sí i, tàbí kí a dá owó yín padà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. A ó pé jọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀gá pátápátá yóò sì wà níbẹ̀.” Ẹni tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ yóò bínú, kò sí àníàní. Ó lè pariwo nípàdé. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun wà, ó sì rí ẹni tó lè bá wí. Ẹni tí wọ́n pa fóònù mọ́ lójú kò rí ẹnì kankan bá wí, àgọ́ ọlọ́pàá àti ojú òpó Facebook ló kù fún un.

Èyí kan àwọn èèyàn wa lókè òkun jù. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston kò lè yà wo sáìtì ní ìrọ̀lẹ́. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún ń lọ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 20, ilé kíkọ́ sì wà lára ohun tó ń gbé e mì. Ọ̀pọ̀ wọn ti jìyà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ná owó ilé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun láti Èkó sí Kàlàbá ní 2024, tí ọ̀nà náà sì kọrí sí àwọn ẹsíteètì kan ní agbègbè Òkun-Àjà, àwọn tó ti sanwó ilẹ̀ níbẹ̀ láti òkèèrè wà nínú ẹ̀rù. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ ní ju “A ti gbọ́, a ti kọ̀wé sí ìjọba, a ó tún bá yín sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú” lọ. Kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́rú náà, ìbáà má sí ohun tuntun.

Lórí sáìtì, ìṣàkóso gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀dọ́ dẹfẹ́lọ́pà tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún yóò máa pàṣẹ fún fọ́máànù tó lé ní ọgọ́ta. Àwọn kan rò pé kí wọ́n má bàa fojú di wọ́n, àfi kí àwọn máa jágbe. Àwọn mìíràn ń bọ̀wọ̀ títí tí wọ́n fi ń fi ìwọ̀n òpó sílẹ̀ fún bàbá láti pinnu. Àṣà wa kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. “Bàbá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo pákó òpó yìí kí wọ́n tó da kọnkéré, kò bá ohun tí ẹnjiníà kọ síbí mu.” Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, àṣẹ sì wà nínú rẹ̀. Ìbáwí tó bá le, kó jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìyìn, kó jẹ́ lójú gbogbo bírikìlà àti lébìrà. Owó ọ̀sẹ̀, kó má kọjá Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí aṣáájú tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó kò ní ohùn mọ́ lórí sáìtì, bó ti wù kó mọ̀rọ̀ ọ́n sọ tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lẹ táìsì tó sì ń ṣe POP ní Èkó wá láti Kútọnu àti Tógò. Faransé tàbí Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ jù. Kí á ya àwòrán iṣẹ́ sára ògiri, kí á sì ní kí òṣìṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà, ìyẹn á gbà wá lọ́wọ́ táìsì tí a ó tún họ kúrò.

Ìdí tó ga jù tí a fi nílò ọ̀rọ̀ tó lè lọ láti ìsàlẹ̀ sókè ni ẹ̀mí ènìyàn. Ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó lulẹ̀. Ó pa ènìyàn tó lé ní 40, ẹni tó ń kọ́ ọ wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan jáde tí ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà tó wà nídìí iṣẹ́ náà ti kọ ní 2020, pé àwọn jáwọ́ nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó wó, ọ̀gá àjọ ìjọba kan sọ pé àjà 15 ni àṣẹ tí wọ́n gbà, igbákejì gómìnà sì sọ pé 21 ni. Ìbànújẹ́ náà ṣì ń dùn wá. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe aṣáájú ni pé ìkìlọ̀ kì í sábà ṣọ̀wọ́n ṣáájú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣọ̀wọ́n ni ibi tí ìkìlọ̀ ti ní agbára láti dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹnjiníà bá jáwọ́ nínú iṣẹ́, kí iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ náà títí ẹlòmíràn yóò fi yẹ ohun gbogbo wò láti ìpìlẹ̀. Bí lébìrà bá rí òpó tó sán, kó mọ ẹni tí yóò lọ bá, kó sì mọ̀ pé wọn kò ní lé òun dànù nítorí ẹnu òun. Dẹfẹ́lọ́pà tí kò bá lè gba èyí, kó má kọ́ ilé tó ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ.

Lórí ayálégbé, n kò ní sọ púpọ̀. Òfin Ayálégbé Èkó ti 2011 ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀, bó tilẹ̀ yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ó sì ní kí lánlọ́ọ̀dù fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, bí àdéhùn mìíràn kò bá sí. Ìwọ̀nba lánlọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ń pe ayálégbé jókòó kí wọ́n tó fi owó kún owó ilé, ni ilé wọn kì í ṣófo.

Níbo wá ni ènìyàn ti lè kọ́ gbogbo èyí? Ilé ẹ̀kọ́ wà. Àwọn yunifásítì bíi Ifẹ̀ àti Èkó, àti àwọn polí, ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso ilé àti ilẹ̀. NIESV, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣírò iye ilé àti ilẹ̀, ti wà láti 1969, òfin tó dá ESVARBON sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tó mọṣẹ́ sílẹ̀ sì jáde ní 1975. Àwọn ẹgbẹ́ Toastmasters, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1924, wà ní Èkó, wọ́n sì dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n níwájú èrò. Ṣùgbọ́n sísọ̀rọ̀ níwájú èrò ni èyí tó kéré jù nínú ohun tí òwò yìí béèrè. Ìmọ̀ràn mi fún ọ̀dọ́ ni pé kó lọ wà lábẹ́ ẹni tó ti kọ́ ilé tó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, fún ọdún méjì ó kéré tán, kó máa tẹ̀ lé e lọ sí ìpàdé ẹbí, kó máa kọ àkọsílẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. Kó lọ jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀. Kò sí kíláàsì tó lè fi hàn án kedere tó bẹ́ẹ̀ bí ìlérí tí a kò mú ṣẹ ṣe ń rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ní láti padà sínú òwò náà. Mo ń rí ọ̀dọ́ tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì ta ilẹ̀ ní wákàtí méjì láìsinmi, tí kò sì lè sọ fún ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ohun tí ìfọwọ́sí gómìnà jẹ́. Ìyá àgbà yẹn ló ni ilẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ilé àti ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Nínú ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń tà, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ka ìwé ilẹ̀ kan sókè ní Yorùbá níwájú àgbà tí kò mọ̀wé, títí àgbà náà yóò fi ní òun gbọ́. Ní ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ lẹ́tà sí oníbàárà pé ilé kò ní parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí wọ́n sì kà á sí etígbọ̀ọ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá lè ṣe méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.